Kátúùnù oníṣẹ́jú mẹ́rin ní Ògbómọ̀ṣọ́: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti orí ohùn dé orí gíláàsì

Fíìmù tí à ń ṣe yìí kò gùn, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Ìtàn rẹ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Bàbá onílù kan ṣàìsàn, ohùn rẹ̀ sì lọ. Láti ìgbà náà, gángan ló fi ń pe ọmọ rẹ̀, Àkànní, bí ilẹ̀ bá ń ṣú tí ọmọ náà ṣì wà lọ́jà níwájú ààfin Ṣọ̀ún. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ìlù bá pe Àkànní, Àjàní tó wà nídìí aṣọ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, Àlàní tó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí igbá náà gbọ́ tirẹ̀. Ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè: bákan náà ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí lójú awọ. Ọmọ mẹ́ta gbé orí lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ní láti wá nǹkan fi kún un kí ọmọ tirẹ̀ lè mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.

Ohun tó fi kún un ni fíìmù náà dá lé. “Ọmọ Àyàn” ń wálẹ̀ lópin, “ọmọ ahunṣọ” dúró sí àárín látòkè délẹ̀, “ọmọ onígbá” ń gòkè lópin. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò mọ ìyàtọ̀ wọn láìrí ẹnu ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìtàn ti rí báyìí, kò sí bí a ṣe lè kọ́kọ́ ya àwòrán kí a wá máa wá ohùn tí yóò bá a mu. Ohùn ìran kọ̀ọ̀kan ni a kọ́kọ́ ń ṣe, a ń ṣe é parí, kí àwòrán rẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo ń kọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nínú yàrá ara rẹ̀, láìní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn.

Páálí gígé la lò: a ń tẹ́ èèyàn páálí sórí gíláàsì, a ń sún un díẹ̀díẹ̀, a sì ń fi fóònù yà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná ìjọba wà lára ohun tó fà á, nítorí kọ̀ǹpútà tí yóò máa yàwòrán láti àárọ̀ dalẹ́ ń jẹ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n fóònù kan àti bátìrì kan lè gbé iṣẹ́ yìí dé ibi tó ń lọ. Iṣẹ́ náà sì ti ní àwọn aṣáájú. Lotte Reiniger, obìnrin ará Jámánì, gé èèyàn láti ara páálí dúdú àti òjé pẹlẹbẹ, ó fi wáyà so oríkèé wọn, ó tẹ́ wọn sórí gíláàsì tí iná ń ti abẹ́ rẹ̀ tàn, ó sì parí fíìmù gígùn kan bẹ́ẹ̀ ní 1926, ọdún mọ́kànlá kí Disney tó gbé kátúùnù gígùn tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Nílẹ̀ Áfíríkà níbí, Moustapha Alassane ará orílẹ̀-èdè Niger ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kátúùnù láti àwọn ọdún 1960. Àwọn méjèèjì fi hàn wá pé ọwọ́ díẹ̀ lè parí iṣẹ́ yìí.

Èyí tó sún mọ́ ọkàn mi jù ni igbá fífín. Ẹni tó bá ti dúró ti afíngbá ní Ọ̀yọ́ rí yóò mọ bí ọ̀bẹ kékeré ṣe ń fi ìlà kún ojú igbá láìsí òjìji kankan: ibi tí ọ̀bẹ ha wà, ibi tí ọ̀bẹ kò kàn wà, ó tán. Irú ojú bẹ́ẹ̀ bá páálí gígé mu gan-an. Òrùlé páànù, igi máńgòrò, ògiri ààfin, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn àwọn èèyàn inú fíìmù yìí, irú ìlà igbá Ọ̀yọ́ la fi yà wọ́n.

Gbígba ohùn

Ilé tí à ń lò kò jìnnà sí Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí. Bí kò bá sí iná, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni. Bí iná bá dé, sípíkà gbà á lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀. Nítorí náà òru la fi gba ohùn àwọn ọlọ́jà àti ti àwọn ọmọ, láti ìgbà tí aládùúgbò bá ti sùn títí dìgbà tí wọn yóò pe ìrun àsùbáà. A gbé fóòmù bẹ́ẹ̀dì ti ògiri, a fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé, nítorí ògiri ṣìmẹ́ńtì tó wà níhòòhò máa ń dá ohùn padà, kò sì sí sọ́fítíwíà tó lè yọ ọ́ kúrò dáadáa. Fóònù kan náà tí à ń fi yàwòrán la fi gbà á, pẹ̀lú máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ àyà aṣọ. WAV la fi pa á mọ́, 48 kHz, torí MP3 máa ń gé lára ohùn kí fáìlì lè kéré.

Obìnrin ló sọ ti Àkànní. Ohùn ọmọdékùnrin lè yí padà láàárín oṣù díẹ̀, bí a bá sì fẹ́ kí ó tún gbólóhùn kan sọ lẹ́yìn náà, a lè bá ohùn ẹlòmíràn níbẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin tó mọ bí a ṣe ń mú ohùn kéré yóò sọ ọ́ bákan náà lónìí àti lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìlù kò ṣeé lù lóru láàárín ìlú. Bàbá onílù tó ràn wá lọ́wọ́ jẹ́ ará Ọ̀yọ́, a sì gbé wọn lọ sí oko kajú kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí kò sí ògiri tí ìró lè kọlù. Máìkì wà ní nǹkan bíi mítà méjì sí wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe níwájú awọ, torí bí ó bá sún mọ́ ọn jù, ìró kọ̀ǹgọ́ á fọ́. A fi fóòmù wé e nítorí atẹ́gùn. Ohùn ẹyẹ wọ inú rẹ̀, a fi í sílẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lù ú fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè rí i gé.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ta ló ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan? Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, kí o wá gé e bó ṣe wù ọ́.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àlàfo tó wà láàárín “Àkànní” àti “ọmọ Àyàn” wà nínú mímí bàbá fúnra wọn, ìró kan sì máa ń kúrú nítorí èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìró tí a bá lù lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a wá tò pọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, yóò pé lóhùn, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀.

Inú Audacity, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gé ohùn, ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè fi férémù ka àkókò, ìyẹn ẹyọ kékeré tí fíìmù pín àkókò sí, 24 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo fi àmì sí ibi tí sílébù kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, mo sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ńlá onílà: òpó kan fún férémù, ọ̀kan fún sílébù, ọ̀kan fún ẹnu, ọ̀kan fún ọwọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí gíláàsì, ìwé yìí ló ń tẹ̀lé. Àwòrán kan ń dúró fún férémù méjì, ìyẹn ni pé àwòrán 12 ló ń lọ sí ìṣẹ́jú-àáyá kan, 2,880 fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìran ìlù nìkan ló ju bẹ́ẹ̀ lọ, n ó sọ ìdí rẹ̀.

Ẹnu tó ń sọ Yorùbá

Ibí ni mo ti pẹ́ jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa ti wo kátúùnù púpọ̀ tí wọ́n gbé ohùn Yorùbá lé lórí, tí ètè ibẹ̀ ń ṣí nígbà tó yẹ kó pàdé. Mo fẹ́ kí ọmọ kan ní Tákíè wò tiwa kó rí ẹnu tó ń sọ ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́.

Àtẹ ẹnu tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó ń kọ́ni ní kátúùnù, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún. Ẹnu wà níbẹ̀ fún “th”, ahọ́n yọ sáàárín eyín; a kò ní í lò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnu kankan níbẹ̀ fún “gb” àti fún “p” tiwa, níbi tí ètè méjèèjì ti ń pàdé, tí ẹ̀yìn ahọ́n náà sì kan òkè lásìkò kan náà, kí méjèèjì tó ṣí pọ̀. Bí ẹnì kan bá rí “g” nínú “gbà”, tó sì fi ẹnu “g” sí i, ètè kò ní pàdé rárá. Ẹni tó ń wò ó lè má mọ ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ní gbà á.

Ẹnu méje la gé. Ọ̀kan pàdé, fún b, m, p àti gb. Ọ̀kan ní eyín òkè lórí ètè ìsàlẹ̀, fún f. Ọ̀kan ṣí gbàgà fún a. Ọ̀kan ṣí níwọ̀n, ètè fẹ̀ sẹ́yìn, fún e àti ẹ. Ọ̀kan tín-ín-rín fún i. Ọ̀kan rí róbótó, ó sì ṣí, fún ọ. Èyí tó kẹ́yìn rí róbótó, ó kéré, ó yọ síwájú, fún o, u àti w. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni àwọn èèyàn wa fi hàn, nítorí náà bí ètè ṣe yọ síwájú tàbí tó fà sẹ́yìn ni ojú ń kọ́kọ́ rí, ju bí ẹnu ṣe ṣí tó lọ.

Fún t, d, s, ṣ, k, l, r àti àwọn yòókù, a kò gé nǹkan kan. Ẹnu fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé wọn la ń lò. Yorùbá rọrùn níhìn-ín, torí sílébù wa kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì ló ń gbẹ̀yìn. Bí ìyá Àlàní bá sọ pé “Wá sílé, ilẹ̀ ti ṣú”, róbótó kékeré ló bẹ̀rẹ̀, ó ṣí gbàgà, ó tín-ín-rín fún “sí”, ó fẹ̀ fún “lé”, ó tún tín-ín-rín, ó fẹ̀, ó tín-ín-rín, ó sì parí sí róbótó kékeré lórí “ṣú”. Sílébù kọ̀ọ̀kan gba àwòrán méjì bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ètè pípàdé, àwòrán àkọ́kọ́ jẹ́ ti ètè, èkejì jẹ́ ti fáwẹ̀lì. “Lé” tí ìyá fi ń pe ọmọ láti òkèèrè lè gba tó mẹ́jọ.

Ẹn, in, un ń lo ẹnu ẹ, i, u; an àti ọn jọ ń lo ẹnu ọ, torí ìró kan náà ni wọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. Imú ló ń ṣe ìyókù, imú páálí kì í sì í mì. “Ń” ló gba àkíyèsí. Nínú “ó ń bọ̀”, ètè ti pàdé láti orí “ń” kí “b” tó dé; nínú “ó ń lọ”, ètè kò pàdé rárá. Àmì kan náà ni lójú ìwé, ẹnu méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lórí gíláàsì. Fún ìdí èyí, ẹni tó ń fi àmì sí ohùn gbọ́dọ̀ máa sọ gbólóhùn náà jáde níwájú dígí kó tó kọ ọ́ sínú ìwé onílà.

Gángan lábẹ́ apá

Bàbá kì í lanu nínú fíìmù yìí. Ọ̀rọ̀ wọn wà ní apá, ọsán àti kọ̀ǹgọ́. Bí apá bá fún ọsán, awọ á le, ohùn á gòkè. Bí apá bá dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. A gé gángan mẹ́ta, èyí tí ọsán rẹ̀ dẹ̀, èyí tó wà láàárín, èyí tí ìbàdí rẹ̀ fún pinpin, a sì gé apá mẹ́ta tó bá wọn mu. “Àkànní” wá di dídẹ̀, dídẹ̀, fífún. “Ọmọ Àyàn” di àárín, àárín, dídẹ̀, dídẹ̀.

Nínú oko kajú yẹn, bàbá rí i pé ọwọ́ tó mú kọ̀ǹgọ́ ni gbogbo wa tẹjú mọ́. Wọ́n ní, “Ẹ má wo ọwọ́ yìí. Apá ni kí ẹ máa wò.” Apá ti wà níbi tó yẹ kí kọ̀ǹgọ́ tó kan awọ. Bí àwọn méjèèjì bá mì pọ̀ lórí férémù kan náà, ìlù náà á dà bí ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ lù. Nítorí náà apá ń ṣáájú pẹ̀lú férémù méjì, kọ̀ǹgọ́ wá sílẹ̀ gẹ́lẹ́ lórí ìró. Bí ohùn méjì bá wà lórí fáwẹ̀lì gígùn kan, bíi “yìí”, bàbá lè lù ú lẹ́ẹ̀kan kí apá wọn fún nígbà tí ìró ṣì ń dún. Ibẹ̀ ni àárín ìlù ti ń yí padà láìsí kọ̀ǹgọ́ lójú awọ, ó sì dùn mọ́ mi láti yà ju gbogbo ìyókù lọ.

Àwòrán 12 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kò tó fún èyí. Àwòrán kan níbẹ̀ ń gba nǹkan bíi 83 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ìró kọ̀ǹgọ́ sì mú ju kí ojú máà rí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ lọ. Ìran ìlù nìkan la fi àwòrán 24 yà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi 42. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò nílò rẹ̀.

Àwọn ọmọ mẹ́ta kì í gbé orí lórí ìró. A fi férémù mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́yìn “ní” tó parí “Àkànní”, ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá, torí èèyàn ní láti gbọ́ kó tó gbé orí. “Ọmọ” jẹ́ ti gbogbo wọn, kò sí ẹni tó mì. Sílébù tó tẹ̀ lé e ni ìlù ti yà: ó wálẹ̀ níbi tí ti ahunṣọ àti ti onígbá kò bá ti wálẹ̀. Àjàní padà sídìí aṣọ, Àlàní padà sídìí igbá, Àkànní sì ti ń sáré kí “yàn” tó dún. Ìran yìí kò pẹ́ lójú ẹni tó ń wò ó. Òun ni ìdí tí mo fi ń ṣe fíìmù náà.

Àtẹ gíláàsì àti iná

Káfíńtà kan ní Sábó ló kan pákó rẹ̀. Ó béèrè bóyá búrẹ́dì la fẹ́ máa tà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn ju bí mo ṣe wí lọ, ó ní ohun tí kò gbọ́dọ̀ mì kì í ní ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Gíláàsì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, oní mílímítà márùn-ún, sẹ̀ǹtímítà 15 láàárín wọn. Ìsàlẹ̀ ni òrùlé àti igi wà, àárín ni àwọn èèyàn wà, òkè ni ohun tó sún mọ́ ojú wà, bíi ewé àti etí àtíbàbà. Fóònù dojú kọlẹ̀ láti inú ihò tó wà lókè pátápátá. Nígbà tí Àkànní bá ń sáré, a ń sún ewé òkè ní mílímítà mẹ́fà láàárín àwòrán kan sí èkejì, a sì ń sún òrùlé ìsàlẹ̀ ní ẹyọ kan. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ọjà jinlẹ̀. Àpò yanrìn wà lórí pákó ìsàlẹ̀ nítorí àwọn tírélà tó ń lọ sí Ìlọrin.

Oríkèé àwọn èèyàn wa jẹ́ wáyà kọ́pà láti inú mọ́tò fáànù tó ti jóná. Àwọn tó ń wé kọ́ìlì máa ń ní i nílẹ̀, ó rọ̀, kì í sì í ya ihò páálí bí wáyà onírin.

Iná NEPA kò ṣeé lò fún irú iṣẹ́ yìí. Yàtọ̀ sí pé ó ń lọ, ó ń ga, ó ń rẹlẹ̀, àwòrán méjì tó tẹ̀lé ara wọn kì í sì í mọ́lẹ̀ bákan náà. Tí fíìmù bá ń lọ, ojú rẹ̀ á máa ṣẹ́. A lo iná LED onífóòltì 12 lórí bátìrì tí sólà ń gba iná fún, a fi ẹ̀rọ kékeré tó ń mú fóòltì dúró lójú kan sáàárín wọn, torí bátìrì náà máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Iná méjì ń tàn láti ẹ̀gbẹ́ ní ìdajì igun ọ̀ọ́kán. Aṣọ dúdú yí fóònù ká kí ó má baà hàn lójú gíláàsì, èmi náà sì ń wọ dúdú. Nínú fóònù, a ti ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ àti ojú kámẹ́rà pa sójú kan, a pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, rìmóòtù Bluetooth la sì fi ń tẹ̀ ẹ́ kí ọwọ́ má baà kàn án. Nọ́ílọ́ọ̀nù dúdú wà lójú fèrèsé láti òkè délẹ̀, nítorí oòrùn kì í dúró síbì kan.

Ọyẹ́

Nígbà tí ọyẹ́ dé, pákó gbẹ, ó sún pọ̀, ó sì fún gíláàsì àárín títí igun rẹ̀ fi sán. Èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ kéré sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú mílímítà mẹ́rin, rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ sì kún àlàfo náà; láti ìgbà náà kò tún sí wàhálà. Páálí ń ká etí, nítorí náà gbogbo èèyàn ń sùn láàárín ìwé ńláńlá lálẹ́. Eruku ni kò dáwọ́ dúró. A ń fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu gíláàsì, torí tí a bá fi èyí tó gbẹ nù ún, ńṣe ló máa ń fa eruku mọ́ra. Fáànù kò sì ṣeé tàn, ó máa ń fẹ́ ẹnu lọ.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Ìran ọjà ti parí, ìran eré sísá náà ti parí. Ìran ilé ló kù, níbi tí Àkànní ti gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó sì fi gángan dá a lóhùn fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ kò tíì tọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbọ́. Mo bẹ bàbá onílù pé kí wọ́n lù ú fún wa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Wọ́n ní apá àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́, ọmọ-ọmọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìlù ni ká wá gbà sílẹ̀. Ó di ìgbà tí wọ́n bá ṣa kajú tán kí oko náà tó dákẹ́ fún wa. Nínú ìwé onílà, òpó ọwọ́ ìran yẹn ṣì ṣófo, a kò sì ní í gé páálí kankan fún un títí ohùn ọmọ náà yóò fi dé.